Ọdẹ Ní Ìjálá, Kí Ni Sysadmin Ní?

Ọdẹ ní ìjálá. Babaláwo ní ìyẹ̀rẹ̀. Eléégún ní iwì. Iṣẹ́ púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá ló ní ohùn tirẹ̀, tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbọ́ ohùn náà láti òkèèrè, ẹ ti mọ ẹni tó ń bọ̀. Adébóyè Babalọlá kọ odidi ìwé kan lórí ìjálá ní ọdún 1966. Ohun tó hàn sí ẹnikẹ́ni tó bá fetí sí ìjálá ni pé ọdẹ kì í fi gbogbo ẹnu rẹ̀ yin ara rẹ̀. Á ki erin, á ki ẹfọ̀n, á ki igi inú igbó, á sì tún fi ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹran tó lè gbẹ̀mí rẹ̀ gan-an ń gba oríkì lẹ́nu rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò tíì pẹ́ láyé tó iṣẹ́ ọdẹ. Iṣẹ́ sysadmin ni: ẹni tó ń mójú tó server, network, email àti password gbogbo iléeṣẹ́. Developer ni èmi. Èmi ń kọ kóòdù, àwọn ni wọ́n ń gbé e sórí server, àwọn náà ni fóònù ń jí lóru tó bá ṣubú. Ẹ bá mi wo iṣẹ́ yẹn dáadáa. Disk ń kún díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ rí i kó tó kún tán. Certificate tó ń jẹ́ kí website ṣí ní ọjọ́ tó máa parí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ rántí ọjọ́ náà. Backup gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní alaalẹ́. Iná ọba lọ, jẹnẹrétọ̀ kò tíì gbé e, inverter nìkan ló dúró láàárín, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ mọ iye ìṣẹ́jú tí inverter náà lè dúró dà.

Bí iṣẹ́ yìí bá dára, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọdẹ àdúgbò ni. Bí olè kò bá wọ àdúgbò fún oṣù mẹ́fà, àwọn onílé á máa bèèrè pé kí ni ọdẹ ń ṣe tí a fi ń dáwó fún un. Bí olè bá wá wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n á ní kí ni ọdẹ ń ṣe tí olè fi wọlé. Ìbéèrè kan náà ni, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún ló sì ń gún un.

Irú iṣẹ́ báyìí yẹ kó ní lítíréṣọ̀ gidi. Ó tilẹ̀ ní àwọn ìtàn tó gbajúmọ̀ káàkiri ayé, àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Lọ́ńdọ̀nù sì mọ̀ wọ́n. Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú àwọn ìtàn náà ni pé wọ́n ń dẹ́bi fún ẹni tí kò jẹ̀bi. Ìtàn gidi wà o, ṣùgbọ́n ibi tí ẹnikẹ́ni kì í pè ní lítíréṣọ̀ ló wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ bàbá gbogbo wọn, Bastard Operator From Hell, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní BOFH. Simon Travaglia, ará New Zealand, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1992. Láti ọdún 2000 ni The Register, ìwé ìròyìn ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń gbé e jáde. Operator kan ló ń sọ ìtàn náà fúnra rẹ̀. Ènìyàn á pè é lórí fóònù pé àyè òun ti kún, òun á pa gbogbo fáìlì onítọ̀hún rẹ́, á ní ẹ wò ó, àyè ti wà báyìí. Ó ní kàlẹ́ńdà àwáwí lórí tábìlì. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tí kọ̀ǹpútà ò ṣiṣẹ́, á ṣí kàlẹ́ńdà, á ka àwáwí tọjọ́ yẹn sí wọn létí.

Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó pani lẹ́rìn-ín. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ti dún nígbà ogójì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan yóò mọ adùn rẹ̀. Àlá ẹni tó ti rẹ̀ ni. Ohun tí ènìyàn ò lè sọ lẹ́nu iṣẹ́, operator ń bá a sọ ọ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ fi í wé àwàdà tiwa. Ìjàpá náà burú. Ó ń rẹ́ni jẹ, ó ń jalè, ó ń tan àna rẹ̀. Síbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ àlọ́, ẹ̀yìn Ìjàpá máa ń fọ́ ni. Ọgbọ́n rẹ̀ á pọ̀ títí á fi kó o sí wàhálà, àwa ọmọdé á sì rẹ́rìn-ín òun àti ẹni tó tàn jẹ pọ̀. Ẹ̀rín náà yípo, ó sì padà sílé. Ti BOFH kì í padà. Operator kì í ṣubú, ọ̀gá rẹ̀ máa ń gọ̀, ẹni tó pè é lórí fóònù máa ń gọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìtàn kìíní dé èyí tó kẹ́yìn, ẹni tó wá bèèrè ìrànlọ́wọ́ ni ọ̀tá.

Ẹ lè sọ pé àwàdà lásán ni, kí ló ń dun èmi? Ohun tó ń dùn mí ni pé àwàdà ń kọ́ni níwà. Ní iléeṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, òfin wà pé gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ pààrọ̀ password lọ́gbọ̀n ọjọ́, lọ́gbọ̀n ọjọ́. Ó gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́mbà àti àmì, kò sì gbọdọ̀ jọ èyí tó kọjá. Ìyá àgbà kan wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó. Lóṣooṣù ni wọ́n máa ń sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá IT.

"Ẹ̀yin ará IT, ẹ gbà mí o, ó tún ti tì mí síta."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ ti tẹ ẹ́ lódì lẹ́ẹ̀mẹ́ta nìyẹn."

"Ọmọ mi, orí mi ò lè gba nǹkan wọ̀nyí mọ́. Èwo ni mo tún fẹ́ há sórí?"

Nígbà tó yá, wọ́n kọ password náà sórí bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ keyboard. Ọmọkùnrin kan rí bébà náà, ó yà á ní fọ́tò, ó sì di ẹ̀fẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó ṣe òfin.

Òfin náà ní ìtàn. NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n àti ìlànà, tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde ní ọdún 2004, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti mú àṣà lẹ́tà ńlá, àmì àti pípààrọ̀ password lemọ́lemọ́. Ní ọdún 2017, NIST yí ohùn padà. Wọ́n ní kí a má fipá mú ènìyàn pààrọ̀ password láìnídìí mọ́, àyàfi tí àmì bá wà pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí a bá ń fipá mú báyìí á kàn yí nọ́mbà kan padà ní ìparí ni, tàbí kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bill Burr, ẹni tó kọ ìtọ́sọ́nà àkọ́kọ́ yẹn, sọ ní gbangba lọ́dún 2017 kan náà pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí òun kọ.

Ìyá ìṣirò owó kò gọ̀ o. Òfin ni kò dáa. Wọ́n ti ń fi abẹ́ keyboard wọn sọ fún gbogbo iléeṣẹ́ ohun tí NIST wá sọ nígbẹ̀yìn. Ẹni tó bá sì ti fi BOFH kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ kò lè gbọ́ èyí, torí ẹ̀rín ti dí i létí. A fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Eré Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ The IT Crowd sàn jù ú lọ. Graham Linehan ló kọ ọ́, Channel 4 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní ọdún 2006, apá tó kẹ́yìn sì jáde ní 2013. Roy àti Moss ń ṣiṣẹ́ ní abẹ́ ilẹ̀ ní iléeṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ Reynholm Industries. Lókè, gíláàsì àti ìmọ́lẹ̀. Nísàlẹ̀, wáyà àti ìdọ̀tí. Jen, tí kò mọ nǹkankan nípa kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá wọn. Ọgbọ́n eré náà wà nínú ilé fúnra rẹ̀: ẹ ti mọ ipò àwọn ènìyàn wọ̀nyí kí ẹnikẹ́ni tó lanu sọ̀rọ̀.

Apá kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé. Roy àti Moss gbé àpótí dúdú kékeré kan fún Jen, iná pupa kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀, wọ́n ní íntánẹ́ẹ̀tì nìyí. Wọ́n fẹ́ kó lọ fi í dójú ti ara rẹ̀ níwájú àwọn onípìn-ín iléeṣẹ́. Jen gbé e lọ, ó fi hàn wọ́n. Wọ́n gbà á gbọ́! Gbogbo yàrá gbà á gbọ́. Ibẹ̀ ni àwàdà náà ti dá ohun tí BOFH kò dá rí: ó gbé ojú kúrò lára ẹni tó ń pe fóònù, ó gbé e lé àwọn tó ń pín owó. Àwọn tí wọ́n ń pinnu iye tí a ó ná sórí íntánẹ́ẹ̀tì rò pé àpótí ni.

Ṣùgbọ́n eré náà kì í dúró síbẹ̀ pẹ́. Àwàdà rẹ̀ tó lókìkí jù ni ti Roy tó máa ń bi gbogbo ẹni tó bá pè bóyá wọ́n ti gbìyànjú láti pa kọ̀ǹpútà wọn, kí wọ́n sì tún un tàn. Ó sú u débi pé ó fi téèpù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ kí téèpù máa dá wọn lóhùn. A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà tún padà sórí ẹni tó pè.

Ayé wá fi eré náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, CrowdStrike, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ètò ààbò kọ̀ǹpútà, fi update kan tó ní àléébù ránṣẹ́. Microsoft sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows ló kan. Wọ́n á tàn, wọ́n á kú, wọ́n á tún tàn, wọ́n á tún kú. Ọkọ̀ òfuurufú kò gbéra, ilé ìwòsàn dá iṣẹ́ dúró. Fún àwọn kan nínú àwọn server tó wà lórí Azure, ìmọ̀ràn tí Microsoft fúnra rẹ̀ fún ènìyàn ni pé kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tàn, ó lè tó ìgbà 15. Fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà yòókù, sysadmin ní láti lọ bá a lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tàn án ní safe mode, kó fi ọwọ́ pa fáìlì kan ṣoṣo rẹ́. Kò sí ẹni tó tẹ nǹkankan lódì lọ́fíìsì kankan. Ìyá ìṣirò owó wà ní ijókòó wọn. Ọ̀nà jíjìn ni àṣìṣe ti wá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ sysadmin ló fi rìn ín, láti tábìlì dé tábìlì.

Ìwé kẹta ni The Phoenix Project, tí Gene Kim, Kevin Behr àti George Spafford kọ ní ọdún 2013. Ìwé ìtàn àròsọ ni, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ń kà á bí ìwé ẹ̀kọ́. Bill Palmer ni asọ̀tàn. Wọ́n ṣàdédé fi í jẹ ọ̀gá àgbà lórí ẹ̀ka tó ń bójú tó server ní Parts Unlimited, iléeṣẹ́ tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an, ètò ìsanwó oṣù dàrú.

Ìwé yìí mọ iṣẹ́ náà. Ó mọ̀ pé ohun tó ń pa sysadmin kì í ṣe òmùgọ̀ ènìyàn, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò kà ni: ẹ bá mi wo èyí ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ bá mi ṣí tọ̀hún. Ẹ̀dá ìtàn kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Brent. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́ tí kì í ṣe Brent ni wọ́n ń pè. Gbogbo iṣẹ́ iléeṣẹ́ náà ń gba orí ọkùnrin kan ṣoṣo kọjá, bí ìgbà tí gbogbo Èkó bá fẹ́ gba orí afárá kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yé Bill nígbà tó yá pé bí òun kò bá dáàbò bo àkókò Brent, kò sí ohun tó máa tẹ̀ síwájú.

Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: ta ló ń sọ ìtàn Brent? Bill ni. A mọ ìyàwó Bill, a mọ ìbànújẹ́ Bill, a mọ bí inú Bill ṣe ń dùn nígbà tí nǹkan tò. Brent wà níbẹ̀ bí ojú ọ̀nà tó dí, tí ọ̀gá ọlọ́gbọ́n wá là. Nígbà tí Gene Kim tún kọ The Unicorn Project ní 2019, ìtàn iléeṣẹ́ kan náà láti ojú ẹlòmíràn, Maxine tó jẹ́ developer ló di olú ẹ̀dá ìtàn. Èmi developer kò lè ṣàròyé pé wọ́n ya àwòrán mi. Ṣùgbọ́n ìwé méjì ti jáde, Brent kò tíì gba ohùn.

Ibo wá ni ohùn yẹn wà? Ó wà nínú ohun tí wọ́n ń pè ní postmortem: ìwé tí iléeṣẹ́ kan máa ń kọ lẹ́yìn tí nǹkan bá bàjẹ́, láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wákàtí sí wákàtí, àti ìdí tó fi ṣẹlẹ̀. Ìwé iṣẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń fún un ní ẹ̀bùn lítíréṣọ̀. Èyí tí mo kà tí kò kúrò lọ́kàn mi ni ti GitLab, tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2017.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, database GitLab ń mí gúlegúle. Ẹ̀dà kejì tó yẹ kó máa tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ ti ṣẹ́yìn. Ẹnjiníà kan fẹ́ tún un tò. Ó fẹ́ pa àkójọ dátà inú ẹ̀dà kejì rẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Orí server àkọ́kọ́ ló wà. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì ló ti rí i, ó dá a dúró, ṣùgbọ́n nǹkan bí 300 GB ti lọ.

Ó kan backup. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti di ìtàn. Backup ojoojúmọ́ wà, ó yẹ kó máa wọ ibi ìpamọ́ lórí Amazon S3. Wọ́n ṣí i, ó ṣófo. Irinṣẹ́ tó ń ṣe é jẹ́ ti PostgreSQL 9.2, database sì jẹ́ 9.6, nítorí náà ó ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ṣé kò sẹ́ni tó mọ̀ ni? Ètò wà pé kí email máa lọ sọ́dọ̀ wọn bí ó bá kùnà. Email náà ń lọ, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ sí i bí DMARC ṣe fẹ́, nítorí náà wọ́n ń dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Snapshot orí Azure ńkọ́? Wọn kò tan án fún àwọn server database. Ohun tó gbà wọ́n ni ẹ̀dà kan tí ẹnjiníà kan fọwọ́ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà sẹ́yìn, fún iṣẹ́ mìíràn pátápátá. Disk tí ẹ̀dà náà wà kò yára. Ó gbà wọ́n tó wákàtí 18 kí wọ́n tó dìde. Wọ́n ṣí YouTube sílẹ̀, ayé ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ wo bí ìwé náà ṣe ń sọ̀rọ̀. Kò dárúkọ ẹni tó tẹ àṣẹ yẹn, "ẹnjiníà kan" ló pè é. Kò sì dúró lórí rẹ̀. Ó bèèrè ìdí, ó rí ìdí, ó tún bèèrè ìdí abẹ́ ìdí. Kí ló dé tí database lọ? Kí ló dé tí backup ṣófo? Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó dán backup wò? Ìdáhùn tó kẹ́yìn ni pé iṣẹ́ náà kò ní olówó: kò sẹ́ni tí wọ́n fi í sí lọ́wọ́.

Èmi mọ ìlànà yìí tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Wándé Abímbọ́lá ṣàlàyé pé ìlànà ẹsẹ Ifá lè tó ìsọ̀rí mẹ́jọ. A ó gbọ́ orúkọ babaláwo tó dífá, a ó gbọ́ ẹni tí wọ́n dífá fún àti ohun tó gbé e dé ibẹ̀, a ó gbọ́ ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀, títí dé ẹ̀kọ́. Ẹ gbé ìwé GitLab lé e. Iléeṣẹ́ kan ń bẹ̀rù kí dátà má sọ nù. Wọ́n ní kí wọ́n rú ẹbọ backup. Wọ́n rú u o! Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lọ wò ó bóyá ẹbọ dà. Ibi tí ẹbọ yẹ kó wà ṣófo, ọ̀nà tí ìròyìn yẹ kó gbà sì dí. Mi ò sọ pé server nílò babaláwo o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀nà tí àwọn baba wa fi ń pa ìrírí mọ́ kí ẹlòmíràn má baà ṣìnà ni èyí: ẹ sọ ẹni tó ní ìṣòro, ẹ sọ ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ẹ sọ ohun tó ṣe, ẹ sọ ohun tó dé bá a. BOFH kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń wo ẹbọ. Ìwé GitLab kọ́ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti kà á, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé backup wà, ohun tí mo máa ń bèèrè ni ọjọ́ tí wọ́n ti mú nǹkan padà láti inú rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ kì í yin nǹkan kó gbàgbé àléébù rẹ̀. Àṣà postmortem ní ìlànà kan pé a kì í dárúkọ ẹni tó ṣe àṣìṣe láti fìyà jẹ ẹ́. John Allspaw kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 2012 nígbà tó wà ní Etsy, ìlànà náà sì ti tàn káàkiri. Ó dára. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé wọ́n á lé òun kò ní sọ òótọ́. Àmọ́ ìlànà tí a fi dáàbò bo ẹni ìsàlẹ̀ tún lè di aṣọ tí ẹni òkè ń fi bora. Ní ti GitLab, ọ̀gá àgbà tọrọ àforíjì lórúkọ ara rẹ̀, mo kí i fún ìyẹn. Síbẹ̀, nígbà tí ìwé náà sọ pé iṣẹ́ náà kò ní olówó, ó dúró síbẹ̀. Ta ló ń pín iṣẹ́? Ìpàdé wo ni wọ́n ti sọ pé kí èyí dúró ná? Ẹsẹ Ifá kò ní fo ìsọ̀rí yẹn. Ẹni tí wọ́n ní kó rúbọ ní orúkọ, bó bá sì kọtí ikún, a ó gbọ́ pé ó kọtí ikún.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan wa gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì dòbu ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, owó kò lọ dáadáa láàárín àwọn báńkì kan nílẹ̀ wa. Kí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́? Gbólóhùn tí gbogbo wa ti há sórí: a ń ní ìṣòro network, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú sùúrù. Gbólóhùn kan náà ni a máa ń gbọ́ bí wáyà bá já lábẹ́ òkun, bí dísù bá tán nínú jẹnẹrétọ̀, bí ẹnì kan bá gbàgbé láti san owó domain. Ṣé ẹ rí i pé kàlẹ́ńdà àwáwí BOFH nìyẹn? Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ojú ewé kan ṣoṣo ni tiwa ní.

Gbólóhùn yẹn ń ba nǹkan jẹ́ ní ọ̀nà méjì. Oníbàárà rò pé òmùgọ̀ ni gbogbo àwọn tó ń bẹ níbẹ̀. Sysadmin tó ti kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí wọ́n ra okùn íntánẹ́ẹ̀tì kejì tó gba ọ̀nà mìíràn, tí wọ́n sì ní kó dúró di ọdún tó ń bọ̀, òun náà á rí i pé ìtàn òun ti parí sínú "ẹ mú sùúrù". Kò sí àkọsílẹ̀ pé ó sọ ọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹlòmíràn á wà lórí àga rẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kìíní.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, tí ẹ sì ń ka Yorùbá, ọwọ́ yín ni mo ń wò. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín dáa fún ara. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ti yín. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá tí ẹ fi ń bá ara yín sọ̀rọ̀ nínú yàrá server, pẹ̀lú "server" àti "backup" rẹ̀ nínú, kò sẹ́ni tó máa mú yín. Bí orúkọ iléeṣẹ́ kò bá ṣeé dá, ẹ fò ó. Ẹ sọ wákàtí tí fóònù dún. Ẹ sọ iye dísù tó kù. Ẹ sọ ohun tí ìyá ìṣirò owó sọ, kí ẹ sì sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ló kọ́kọ́ rí àléébù náà. Ẹ ki ẹ̀rọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, bí ọdẹ ṣe ń ki ẹfọ̀n. Kí ẹ sì má fo ìsọ̀rí tí gbogbo àwọn ìtàn òkè yìí ń fò: ẹ sọ ẹbọ tí ẹ ní kí wọ́n rú, ọjọ́ tí ẹ sọ ọ́, àti èsì tí wọ́n fún yín.